Yanrìn kò lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ń rojọ́: Bí yanrìn etíkun ṣe ń sọ ohun tí òkun ti ṣe

Níbikíbi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé nígboro Ìbàdàn, yálà ní Bódìjà tàbí Àgbowó, ní Ring Road tàbí Challenge, òkìtì yanrìn kì í wọ́n lẹ́bàá ọ̀nà. Bíríkìlà tó mọṣẹ́ kì í dúró kí onítípà ṣàlàyé irú yanrìn tó já sílẹ̀ fún un. Yóò bu ẹ̀kúnwọ́ kan, yóò fi ọwọ́ ra á, yóò sì mọ̀ bóyá yanrìn odò tó mú ni, èyí tó dára fún búlọ́ọ̀kù àti kankéré, tàbí èyí tó kúnná tí wọ́n fi ń rẹ́ ilé, tàbí iyẹ̀pẹ̀ lásán tí amọ̀ ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ohun tí bíríkìlà fi ìrírí mọ̀ yìí ni àwọn onímọ̀ jiọ́lọ́jì sọ di ẹ̀kọ́. Lójú tiwọn, yanrìn kì í dédé wà níbi tó wà. Omi tàbí atẹ́gùn ló gbé e débẹ̀, agbára ohun tó gbé e sì hàn lára rẹ̀.

Etíkun ni ẹ̀kọ́ yìí ti wúlò jù lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yanrìn ti kan ilé àti ẹ̀mí ènìyàn tààrà. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí tí òkun ti ń jẹ ilẹ̀ ní Victoria Island l'Ékòó. Ní Ayétòrò, nílẹ̀ Ìlàjẹ, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, òkun ti gbé apá kan ìlú lọ, ó sì ń bá a lọ. Òkun kan náà ló ń lu ìlú méjèèjì, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ yàtọ̀ síra. Yanrìn ni ti Èkó, ẹrọ̀fọ̀ ni ti Ayétòrò. Ẹni tó bá mọ ìdí tí ọ̀kan fi jẹ́ yanrìn tí èkejì sì jẹ́ ẹrọ̀fọ̀ ti mọ ìdajì ìṣòro tó ń bá ìlú méjèèjì fínra.

ÌWỌ̀N HÓRÓ NI ÌBẸ̀RẸ̀

Ohun àkọ́kọ́ tí àwọn onímọ̀ máa ń wò ni bí hóró kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó. Ní 1922, onímọ̀ kan láti Amẹ́ríkà, Chester Wentworth, tẹ òṣùwọ̀n kan jáde tí wọ́n ṣì ń lò káàkiri àgbáyé títí di òní. Gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n náà ti wí, ohun tó bá ju mìlímítà 2 lọ kì í ṣe yanrìn mọ́, òkúta wẹ́wẹ́ ni. Láti mìlímítà 2 wá sílẹ̀ dé 0.0625 ni à ń pè ní yanrìn. Láti ibẹ̀ dé 0.004 ni ẹrẹ̀ tó kúnná bí ẹ̀lùbọ́, ohun tó bá sì kéré sí ìyẹn, amọ̀ ni.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ̀n ọ́n kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti rí ìyá tó ń fi ajọ̀ ku èlùbọ́. Wọ́n á to ajọ̀ onírin léra wọn, èyí tí ojú rẹ̀ tóbi jù á wà lókè, èyí tí ojú rẹ̀ kéré jù á wà nísàlẹ̀. Wọ́n á da yanrìn gbígbẹ sí èyí tó wà lókè, ẹ̀rọ á máa mì ín, lẹ́yìn náà wọ́n á wọn iye tó kù sínú ajọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ pé inú ajọ̀ kan tàbí méjì péré ni gbogbo yanrìn náà kó sí, a jẹ́ pé ohun tó gbé e wá ti ṣà á dáadáa. Bí ó bá wà kálẹ̀ nínú gbogbo ajọ̀, tí kékeré àti ńlá pa pọ̀, a jẹ́ pé wọn kò fún un láyè kí wọ́n tó dà á sílẹ̀.

Ìdí tí ìwọ̀n fi ń sọ̀rọ̀ kò ju eré tí omi ń sá lọ. Omi tó ń sáré burúkú lè yí òkúta. Bí eré rẹ̀ bá ti ń dínkù, ohun tó wúwo jù ni yóò kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, lẹ́yìn náà yanrìn, lẹ́yìn náà ẹrẹ̀. Amọ̀ kì í balẹ̀ àyàfi níbi tí omi bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró jẹ́ẹ́. Nítorí náà, òkúta wẹ́wẹ́ létí omi jẹ́ ẹ̀rí agbára, ẹrọ̀fọ̀ sì jẹ́ ẹ̀rí pé omi ibẹ̀ ní ìsinmi nígbà tó ń kó o jọ.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tó ya ni lẹ́nu. Ní 1935, Filip Hjulström, ọmọ orílẹ̀-èdè Sweden, fi hàn pé yanrìn tó kúnná ló rọrùn jù lọ fún omi láti gbé nílẹ̀. Òkúta ṣòro láti gbé nítorí pé ó wúwo, amọ̀ tó ti dì náà sì ṣòro láti gbé nítorí pé hóró rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra wọn. Ó wá túmọ̀ sí pé yanrìn, tí àwọn ènìyàn ń kọ́ ilé lé lórí létí òkun, ló ń rìn jù nínú gbogbo wọn.

Ẹ̀KỌ́ Ọ̀GÙNPA

Kò di ìgbà tí ará Ìbàdàn bá dé òkun kó tó rí bí omi ṣe ń kọ orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, 1980, odò Ọ̀gùnpa kún bo bèbè rẹ̀, ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ó sì gbé ẹ̀mí ènìyàn púpọ̀ lọ. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹjọ, 2011, àgbàrá tún ṣọṣẹ́ ní ìlú náà, àwọn afárá wó, àwọn ènìyàn sì tún kú. Ohun tí irú omíyalé bẹ́ẹ̀ máa ń fi sílẹ̀ ni pé òkúta ńlá á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yanrìn, ẹrẹ̀ á dí àárín wọn, pákó àti ọ̀rá á sì há sínú rẹ̀. Kò sí ètò nínú rẹ̀ rárá. Omi náà sáré débi pé ó gbé ohun gbogbo, ó sì rọlẹ̀ lójijì débi pé kò ráyè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Bí ẹnikẹ́ni bá gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún ọdún, yóò ka a pé omíyalé ló kọjá.

Odò tí kò bínú ní àmì tirẹ̀ pẹ̀lú. Yanrìn inú rẹ̀ mú lọ́wọ́, etí hóró rẹ̀ kò tíì dán, nítorí pé kò tíì pẹ́ tó kúrò lára àpáta. Òkè Màpó, òkè Mọ́kọ́lá àti òkè Àrẹ̀mọ tó la Ìbàdàn já jẹ́ òkúta líle tí wọ́n ń pè ní quartzite. Bí òjò àti oòrùn ti ń ba àwọn àpáta àyíká ìlú jẹ́ díẹ̀díẹ̀, àwọn ohun tí kò le nínú wọn ń di amọ̀. Quartz, tó le jù nínú wọn, ló ń ṣẹ́kù gẹ́gẹ́ bí hóró yanrìn. Àgbàrá á gbé e dé Ọ̀gùnpa, Ọ̀gùnpa á gbé e dé odò Ọ̀nà, Ọ̀nà á sì máa ṣàn lọ sí gúúsù.

Ènìyàn lè rò pé bí yanrìn náà bá ti ń lọ báyìí, etíkun Èkó ni yóò bọ́ sí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Apá kan á ti dúró sẹ́yìn ìdídò, bí irú èyí tí wọ́n ṣe sí Ẹlẹ́yẹlé lórí odò Ọ̀nà ní 1942. Àwọn odò ńlá ilẹ̀ Yorùbá tó ń ṣàn lọ sí apá ibẹ̀ kì í sì í bọ́ sínú òkun tààrà. Inú ọ̀sà Èkó ni odò Ògùn ń bọ́ sí, inú ọ̀sà Lẹ́kì ni odò Ọ̀ṣun ń bọ́ sí. Omi ọ̀sà tutù, kò ní ìgbì ńlá, nítorí náà ibẹ̀ ni odò ti ń sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Níbo wá ni yanrìn etíkun Èkó ti wá? Ara yanrìn náà ni ìdáhùn wà.

BÍ ÌGBÌ ṢE Ń FẸ́ YANRÌN

Ìgbì òkun ń ṣe yanrìn bí obìnrin ṣe ń fẹ́ ẹ̀wà nínú àwo pẹrẹsẹ. Ó ń gbé e sókè, ó ń dà á sílẹ̀, lójoojúmọ́, láìsinmi. Ohun tó fúyẹ́ ń bá omi lọ sínú ibú, ohun tó wúwo ń dúró. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, hóró tó ṣẹ́kù sí etíkun á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, etí rẹ̀ á ti dán, amọ̀ kò sì ní sí nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá rìn létí òkun fi lè gbọn yanrìn kúrò lẹ́sẹ̀ láìjẹ́ pé ó kùn ún bí ẹrẹ̀.

Ìdagẹ̀rẹ̀ etíkun náà ń sọ̀rọ̀. Níbi tí yanrìn bá ti tóbi, omi tó bá gorí rẹ̀ máa ń jò wọlẹ̀ kíákíá, kì í lágbára láti wọ́ yanrìn padà, etíkun á sì dà gẹ̀rẹ̀ gan-an. Níbi tí yanrìn bá ti kúnná, omi kì í tètè jò wọlẹ̀, yóò máa fa yanrìn lọ bó ti ń padà, etíkun á sì tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ẹni tó bá tún wo ilẹ̀ dáadáa yóò rí ìlà dúdú tó tẹ́ lórí yanrìn funfun. Àwọn kan máa ń rò pé epo tàbí ìdọ̀tí ni. Àwọn hóró òkúta tó wúwo ló pọ̀ nínú rẹ̀, bí ilmenite, magnetite àti zircon. Àwọn wọ̀nyí fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó ìlọ́po méjì quartz tí ìwọ̀n wọn bá dọ́gba. Nígbà tí ìgbì líle bá gbá etíkun, quartz ni yóò kó lọ, èyí tó wúwo yóò kù sílẹ̀. Nítorí náà, ìlà dúdú jẹ́ ọgbẹ́ tó ti jinná: ó ń sọ pé òkun jẹ ilẹ̀ níbí lọ́jọ́ kan. Bí a bá gbẹ́ ihò sí etíkun, tí a sì rí ìlà bẹ́ẹ̀ márùn-ún tó wà lórí ara wọn, a ti rí ìgbà márùn-ún tí ìgbì ṣe bẹ́ẹ̀, tí yanrìn sì tún padà bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ̀rí mìíràn ni bí yanrìn ṣe tò nínú ilẹ̀. Yanrìn tí ìgbì tẹ́ máa ń tò ní ìpele tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tó rọra dagẹ̀rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ òkun. Yanrìn tí atẹ́gùn kó jọ bí òkìtì máa ń tò ní ìpele tó ga sókè gan-an, nítorí pé hóró ń yí bọ́ láti orí òkìtì náà. Àwọn ọ̀wọ́ kéékèèké tó máa ń hàn lójú yanrìn bí irun dídì náà ní ìtumọ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì bá dọ́gba, ìgbì tó ń lọ tó ń bọ̀ ló ṣe é. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ga ju èkejì lọ, omi tó ń ṣàn sí apá kan ṣoṣo ló kọjá, ẹ̀gbẹ́ tó ga náà sì ni ibi tí ó dojú kọ.

ÒKUN Ń RU YANRÌN LỌ SÍ ÌLÀ OÒRÙN

Ìgbì tó ń lu etíkun Nàìjíríà ń ti inú òkun Àtìláńtíìkì ní gúúsù wá, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ń gba apá gúúsù ìwọ̀ oòrùn wọlé. Kì í kọjú sí ilẹ̀ tààrà, ẹ̀gbẹ́ ló fi ń gbá a. Bí ìgbì bá gbé hóró yanrìn kan sókè, ó gbé e lọ́nà ẹ̀gbẹ́. Bí omi bá ń padà, ìsàlẹ̀ tààrà ló ń wọ́ ọ lọ. Ìgbì tó tẹ̀ lé e tún gbé e lọ́nà ẹ̀gbẹ́. Báyìí ni hóró náà ń fi ìṣísẹ̀ wọ́gọwọ̀gọ rìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn. Ìṣirò àwọn onímọ̀ nípa yanrìn tó ń gba iwájú Èkó kọjá lọ́dún sábà máa ń wà láàárín ìdajì mílíọ̀nù sí mílíọ̀nù kan ìwọ̀n mítà onígun mẹ́ta. J. C. Pugh, tó jẹ́ olùkọ́ jiọ́gíráfì ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, ti kọ̀wé lórí ìrìn yanrìn etíkun Nàìjíríà láti 1954.

Ìrìn yìí ló kọ́ gbogbo ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín òkun àti ọ̀sà láti Àgbádárìgì títí dé apá Lẹ́kì. Ẹni tó bá wo ilẹ̀ náà láti òkè yóò rí i pé ó ní ọ̀wọ́ bí ebè, tí wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ebè kọ̀ọ̀kan jẹ́ etíkun àtijọ́ kan. Níbi tí ìgbì ti ń fọ́ nígbà kan rí ni àgbọn ń hù sí lónìí. Ní nǹkan bí 20,000 ọdún sẹ́yìn, ojú òkun rẹlẹ̀ ju ti òní lọ ní nǹkan bí mítà 120, etíkun sì jìnnà réré sí ibi tó wà báyìí. Omi gòkè díẹ̀díẹ̀, eré ìgòkè náà sì rọlẹ̀ ní nǹkan bí 6,000 ọdún sẹ́yìn. Ìgbà náà ni yanrìn tó ń rìn yìí ráyè kó ara jọ di ilẹ̀ tí Èkó tẹ̀ dó lé.

ÒGIRI TÓ DÁ YANRÌN DÚRÓ

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, yanrìn tó ń rìn yìí kan náà ni ọ̀tá àwọn oníṣòwò. Ó ti kó ara jọ sí ẹnu ọ̀nà ọ̀sà Èkó, ó di òkè abẹ́ omi, ọkọ̀ ńlá kò sì lè wọlé. Láti ara òkè yanrìn náà ni orúkọ Bar Beach ti jáde. Láàárín 1908 sí 1912, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í kó òkúta lé ara wọn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹnu ọ̀nà náà, wọ́n fi ṣe ògiri tó wọ inú òkun lọ, kí omi tó ń jáde lè máa gbá yanrìn dànù. Ètò náà ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ ń wọlé sí Àpápá.

Ṣùgbọ́n yanrìn tó ń bọ̀ láti ìwọ̀ oòrùn kò rọ́nà kọjá mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ sẹ́yìn ògiri ìwọ̀ oòrùn, ní etíkun tí wọ́n ń pè ní Lighthouse Beach, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ń gbòòrò sí i. Ní ìlà oòrùn, ní iwájú Victoria Island, ìgbì kò dẹ́kun àtimáa kó yanrìn lọ, ṣùgbọ́n kò sí tuntun tó ń bọ̀ wá rọ́pò rẹ̀. Láàárín 1900 sí 1959, etíkun náà fà sẹ́yìn ju kìlómítà kan lọ ní ẹ̀gbẹ́ ògiri náà. Kò sí ẹni tó jí yanrìn. Àpò kan ni òkun ń ná láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ènìyàn ló dí ẹnu ọ̀nà tí owó ń gbà wọ inú àpò náà.

Láti ìgbà náà ni ìjọba kan sí òmíràn ti ń fi ẹ̀rọ fa yanrìn dà sí Bar Beach. Wọ́n ṣe é léraléra láàárín ọdún 1970 sí ọdún 1999, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn èyí tí wọ́n bá dà, òkun á tún ti kó o lọ. Ní ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ ọ̀rúndún yìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Eko Atlantic, wọ́n fa yanrìn láti inú òkun láti fi sọ omi di ilẹ̀, wọ́n sì fi ògiri òkúta àti kankéré dáàbò bò ó. Ibi tí Bar Beach wà tẹ́lẹ̀ ti di ìlú tuntun. Òkun kò ráyè kọjá níbẹ̀, ṣùgbọ́n ebi yanrìn ṣì ń pa á. Ní oṣù Kẹjọ, 2012, ìgbì ya bo etíkun Kúrámọ̀, ó sì pa àwọn ènìyàn tó ń gbébẹ̀. Síwájú sí i ní ìlà oòrùn, ní abúlé Òkun Álífà, òkun ti gba ilé àti ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí Èkó nìkan. Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin kọ́ èbúté Kútọnu ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960 síwájú, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àwọn àdúgbò tó wà ní ìlà oòrùn rẹ̀. Tógò kọ́ èbúté Lómé, tí wọ́n ṣí ní 1968, yanrìn kó jọ sí ìwọ̀ oòrùn rẹ̀, àwọn abúlé tó wà ní ọ̀nà Aného sì ń wọ òkun. Ní Ghana, ìdídò Akosombo tí wọ́n parí ní 1965 dá yanrìn odò Volta dúró, bẹ́ẹ̀ sì ni odò náà wà lára àwọn tó ń bọ́ etíkun yìí láti ayébáyé. Kétà, tó wà ní ìlà oòrùn ẹnu odò náà, ti pàdánù apá ńlá ìlú rẹ̀. Òfin kan náà ni wọ́n fi kọ gbogbo ìtàn wọ̀nyí: ibi tí a bá ti dá yanrìn dúró, ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀ oòrùn á sanra, ẹ̀gbẹ́ ìlà oòrùn á rù. Nígbà tí èbúté Lẹ́kì, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kìíní, 2023, ti ní ògiri tirẹ̀ nínú òkun, ó yẹ kí ojú wà lára àwọn ìlú tó wà ní ìlà oòrùn rẹ̀.

ÌDÍ TÍ AYÉTÒRÒ FI JẸ́ ẸRỌ̀FỌ̀

Bí yanrìn bá ń rìn lọ sí ìlà oòrùn láti Èkó, ó yẹ kó dé ilẹ̀ Ìlàjẹ. Kì í dé ibẹ̀. Lẹ́yìn Lẹ́kì, yanrìn etíkun á dópin, ẹrọ̀fọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ lọ títí dé apá ẹnu odò Benin. Apá yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní etíkun ẹrọ̀fọ̀ Mahin. Ẹni tó kọ́kọ́ rí i lè rò pé omi tó tutù ló wà níbẹ̀, nítorí pé ẹrọ̀fọ̀ jẹ́ àmì ìsinmi. Ṣùgbọ́n òkun gbangba ló wà níwájú rẹ̀.

Ní 1972, Kevin Burke, tó ti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n jiọ́lọ́jì ní Yunifásítì Ìbàdàn, tẹ àlàyé kan jáde tó tú ọ̀rọ̀ náà. Ó ní àwọn àfonífojì jíjìn wà lábẹ́ òkun ní apá ibẹ̀, tí orúkọ méjì nínú wọn ń jẹ́ Avon àti Mahin. Yanrìn tó ń ti ìwọ̀ oòrùn bọ̀, àti èyí tó ń ti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ Niger Delta bọ̀ wá pàdé rẹ̀, ń já sínú àwọn àfonífojì náà, wọ́n sì ń rọ́ lọ sí ibú tí kò ní àbọ̀. Ohun tó kù fún etíkun tó wà láàárín wọn ni ẹrẹ̀ àti amọ̀ tó ń léfòó nínú omi. Nítorí náà, ẹrọ̀fọ̀ Ayétòrò ń jẹ́rìí pé yanrìn kò débẹ̀, ju pé omi ibẹ̀ tutù lọ.

Èyí ló mú kí ọ̀rọ̀ Ayétòrò le ju ti Èkó lọ. Etíkun oníyanrìn mọ bí a ti ń wo ara rẹ̀ sàn. Nígbà òjò tí ìgbì bá le, òkun á wọ́ yanrìn lọ sínú omi tí kò jìn, yóò kó o jọ síbẹ̀ bí òkè. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ìgbì bá rọlẹ̀, yóò máa dá a padà díẹ̀díẹ̀. Ẹrọ̀fọ̀ kò ní irú àbọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ìgbì bá ti tú u nílẹ̀, yóò di omi dúdú, ìṣàn á gbé e lọ, kò sì ní balẹ̀ padà níbi tí ìgbì bá ti ń jà. Ilẹ̀ ẹrọ̀fọ̀ tún máa ń rì fúnra rẹ̀ bí omi inú rẹ̀ bá ti ń fún jáde. Bẹ́ẹ̀ ni ojú òkun ń ga sí i káàkiri àgbáyé.

Ọdún 1947 ni àwọn ọmọlẹ́yìn ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ Ayétòrò dó. Ìlú náà di olókìkí nítorí pé wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń jẹ, wọ́n sì ń kan ọkọ̀ ojú omi fúnra wọn. Láti ọdún mélòó kan wá ni òkun ti ń wó ilé, ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìjọsìn níbẹ̀. Ní 2004 ni àjọ NDDC kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ ààbò etíkun ìlú náà jáde, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún kọjá lẹ́yìn náà tí ará ìlú ṣì ń kígbe pé àwọn kò rí iṣẹ́ náà nílẹ̀.

ÒKUN TI DÉ EWÉKORÒ RÍ

Ọgbọ́n kan náà ni àwọn onímọ̀ fi ń ka àpáta tó ti pẹ́ ju ìran ènìyàn lọ. Ẹni tó bá kúrò ní Ìbàdàn lọ sí apá Ìjẹ̀bú yóò kúrò lórí àpáta líle, yóò sì bọ́ sórí ilẹ̀ tí omi kó jọ. Nínú ilẹ̀ náà ni a ti ń rí òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn tí odò àtijọ́ gbé wá, lẹ́yìn náà amọ̀ àti òkúta ẹfun tí inú òkun ti wá. Òkúta ẹfun Ewékorò, tí wọ́n ti fi ń ṣe símẹ́ńtì láti 1960, kún fún ìkarahun ẹran omi tó gbé nínú òkun ní nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Òkun ti dé Ewékorò rí, ó sì ti padà. Bíríkìlà tó ń po yanrìn mọ́ símẹ́ńtì ní Challenge ń po ìtàn odò mọ́ ìtàn òkun.

OHUN TÓ YẸ KÍ A FI ẸKỌ́ NÁÀ ṢE

Ohun mẹ́rin ni ẹ̀kọ́ yìí ń sọ fún ẹni tó ń kọ́lé àti ẹni tó ń ṣèlú. Èkíní, bí a bá fẹ́ fi yanrìn tún etíkun ṣe, hóró rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kéré ju ti etíkun náà lọ. Ìgbì ti ṣà á nígbà kan, yóò tún un ṣà. Èyí tó bá kúnná jù, yóò kó o lọ, owó ìlú á sì bá a lọ. Èkejì, yanrìn tí àwọn ènìyàn ń wà létíkun fún títà kì í ṣe ohun ọ̀fẹ́. Ara àpò tí òkun ń ná ni, ìgbì á sì lọ gba gbèsè náà lára ilẹ̀ ẹlòmíràn. Iyọ̀ inú rẹ̀ náà a máa mú irin inú kankéré dípẹtà, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi kọ́lé láìfọ̀ ọ́.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n tó kọ́ ògiri tàbí èbúté sínú òkun, ó yẹ kí wọ́n ṣètò bí yanrìn tó bá kó jọ sí ìwọ̀ oòrùn yóò ṣe máa dé ìlà oòrùn. Ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, bí Ọsirélíà, ẹ̀rọ ló ń fa yanrìn gba abẹ́ ẹnu ọ̀nà omi kọjá sí òdìkejì. Ẹ̀kẹrin, oògùn Èkó kò lè jẹ́ oògùn Ayétòrò. Ògiri òkúta tí wọ́n bá kó lé ẹrọ̀fọ̀ láìṣe ìpìlẹ̀ tó yẹ yóò rì, yanrìn tí wọ́n bá sì dà síbẹ̀ yóò máa wá ọ̀nà àfonífojì rẹ̀. Ìwádìí lórí ilẹ̀ náà ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú kọńtíráàtì.

Kò sí èyí tó jẹ́ àṣírí nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé tí A. Chidi Ibe kọ lórí bí òkun ṣe ń jẹ etíkun Nàìjíríà, Ìbàdàn níbí ni Ibadan University Press ti tẹ̀ ẹ́ ní 1988. Àjọ tó ń ṣèwádìí nípa òkun ti wà l'Ékòó láti 1975. Yanrìn ti rojọ́ rẹ̀, àwọn onímọ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí ìwé náà ti wà nílé. Ohun tó kù ni kí àwọn tó ń fọwọ́ sí kọńtíráàtì etíkun kà á kí ilé mìíràn tó wọ omi.